Iwe Kan Ṣoṣo

Ọlọ́run, mo dúpẹ́. Kí n tó sọ ohunkóhun, kí n tó ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn, tèmi ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, mo dúpẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jí láàárọ̀ yìí, ó mu ẹ̀kọ, ó di ọkọ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, ó sì lọ sóko. Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí tí wọ́n ti la ikùn rẹ̀, tí wọ́n fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ sí i nínú, tí ohun náà sì gbà láti bá a gbé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá tó mọ ibi tí gbogbo rẹ̀ wà nínú ara wa kí dókítà tó mọ̀ ọ́n.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò mi obìnrin pẹ̀lú, ẹni tí wọ́n yọ ọ́ lára rẹ̀. Kò fẹ́ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Ó nídìí. Ìdí náà ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀.

Àwa mẹ́ta ni bàbá wa bí, ní Idigny, abúlé kan lẹ́bàá Kétu. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni àkọ́bí, èmi ni mo tẹ̀ lé e, àbúrò mi ló kẹ́yìn. Iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni bàbá wa ń gbìn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi òun ló máa ń ka Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sókè fún ìjọ, nítorí pé ojú pásítọ̀ wa kò ríran dáadáa mọ́. Ó kọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní ìwé, ó kọ́ mi. Ọdún tí ó yẹ kó kọ́ àbúrò mi ni àìsàn dá ìyá wa dùbúlẹ̀. Wọ́n ní kí ọ̀kan nínú àwa obìnrin kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ kó máa tọ́jú ìyá. Mo ti mọ ìwé nígbà náà, mo ti ń gba ẹ̀bùn. Àbúrò mi ni wọ́n mú kúrò. Mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ títí mo fi gbọ́ Faransé bí ẹni pé inú ọmú ni mo ti mu ún. Òun kò gbọ́ ju ẹ káàárọ̀ lọ nínú rẹ̀.

Ó lọ sílé ọkọ ní Adakplamè. Ọdún mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀, kò bímọ. Lọ́jọ́ kan ọkọ rẹ̀ gbé e padà wá sí Idigny, òun àti báàgì kan. Ọkùnrin náà kò pa alùpùpù, kò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ó dúró títí obìnrin náà fi sọ̀ kalẹ̀, ó sì yí padà.

Bàbá wa ti kú nígbà náà, ẹ̀gbọ́n mi ló ni ilé. Yàrá kan ló kù, àgbàdo ló wà nínú rẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ kí i dáadáa, nítorí pé ọkọ ni àbúrò ọkọ ń jẹ́ fún ìyàwó ilé, ó wá ní:

“Ọkọ mi, ẹ má bínú, ẹ̀yin àti àgbàdo lẹ máa pín yàrá yìí. Àgbàdo ló kọ́kọ́ dé.”

“Kò burú,” ni àbúrò mi wí. “Àgbàdo kì í sọ̀sọkúsọ.”

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín. Kò sọ pé kí wọ́n kó àgbàdo náà síbòmíràn. Èmi náà gbọ́ ọ, ìlú Kétu ni mo sì ti wá kí wọn lọ́jọ́ náà, níbi tí ọkọ mi ti ní ilé oníyàrá mẹ́fà. Mo gbàdúrà fún un, mo gun sẹ́mì, alùpùpù akérò, mo padà sílé.

Ọdún kejì lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Àwọn kan ní iyọ̀ ni, àwọn kan ní ẹnìkan ló ń ṣe é. Ìgbà tí ojú rẹ̀ wú tán, tí kò lè gun òkè díẹ̀ tó wà láàárín ilé wa àti ṣọ́ọ̀ṣì láìjókòó lẹ́ẹ̀mejì, a gbé e lọ sí Kútọnu. Wọ́n ní ohun méjì tó ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, tó ń sọ ọ́ di ìtọ̀, méjèèjì ti kú. Wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà níwájú ẹ̀rọ náà. Ó yá yàrá sí Kútọnu. Iṣu rẹ̀ jẹrà sínú ebè. Ọkùnrin tó ń gbé àpò àgbàdo méjì lórí di ẹni tí mo ń fi apá kan gbé dìde lórí ẹní.

Dókítà ní bí a kò bá fẹ́ kó kú sẹ́nu ẹ̀rọ, kí ọmọ ìyá rẹ̀ kan fún un ní ọ̀kan nínú tirẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ èmi àti àbúrò mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan wọ́n ní kí a wá gbọ́ èsì.

Ìjókòó yẹn ni mo máa jíhìn fún Ọlọ́run lé lórí. Dókítà jókòó, ó kọjú sí mi, nítorí pé èmi ni mo gbọ́ èdè rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní Faransé tó mọ́ kedere: àwa méjèèjì la lè fún un. Tèmi ló sún mọ́ ti ẹ̀gbọ́n mi jù, ṣùgbọ́n ti àbúrò mi náà dára. Ọ̀kan tó ènìyàn láti fi lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Kí a lọ bá ara wa sọ ọ́, kí a yan ẹni tó máa ṣe é, kò sí ipá nínú rẹ̀.

Àbúrò mi ń wo ẹnu dókítà, ó wá wo ẹnu mi.

“Kí ni wọ́n sọ?”

Ọmọ mẹ́rin ni mo ní. Mo rò ó. Mo ro ọ̀bẹ. Mo ro ọkọ mi tí kò fẹ́ kí n tilẹ̀ gba abẹ́rẹ́. Kò gbà mí ní àkókò tí ènìyàn fi ń gbé itọ́ mì.

“Wọ́n ní tìẹ ló bá a mu.”

“Tiyín ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?”

“Tèmi kò bá a mu.”

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó mi orí sí i. Ó rò pé mo túmọ̀ ohun tí òun sọ.

“Kí gan-an ni wọ́n máa mú?”

Mo wá orúkọ rẹ̀. Nílé wa, ohun tí a bá bá nínú ewúrẹ́, nǹkan inú la ń pe gbogbo rẹ̀, a ó dà á pọ̀ sínú ìkòkò kan. Ṣùgbọ́n mo rántí ohùn bàbá mi nígbà tó bá ń ka òfin ẹbọ àtijọ́ sókè nínú ṣọ́ọ̀ṣì, iwe ẹran àti ọ̀rá tó bò ó. Ọ̀rọ̀ tó ga ni, ọ̀rọ̀ ìwé ni. Inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.

“Iwe rẹ,” ni mo wí. “Iwe rẹ ni wọ́n máa mú fún ẹ̀gbọ́n.”

Ó fi ọwọ́ kan ikùn rẹ̀ lórí aṣọ.

“Iwe mi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ó tún gèlè rẹ̀ wé. “Ó dáa,” ni ó wí. “Ẹ sọ fún wọn pé mo gbà.”

Àwọn ẹbí pé jọ ní Idigny kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, ìyá àgbàlagbà kan tí gbogbo wa ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀, jókòó sórí àpótí láàárín wa.

“Ẹ̀yin ń fi í ṣe ohun bàbàrà,” ni ó wí. “Ẹni tí kò bímọ, ta ló ń fi ara pamọ́ fún? Ara tó ṣòfo ni.”

“Ìyá àgbà, kò ṣòfo,” ni àbúrò mi dá a lóhùn. “Ẹ ṣáà ti rí i pé wọ́n rí nǹkan jí níbẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ojú rẹ̀ ti wú, ó ní ṣé ti ẹni tí kò so èso ni wọ́n fẹ́ gbìn sí òun nínú, ṣé kò ní sọ òun náà di igi gbígbẹ? Ó bi mí bóyá dókítà kò lè tún ẹ̀jẹ̀ tèmi yẹ̀ wò. Níwájú gbogbo wọn ló bi mí.

Mo ní dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Orílẹ̀-èdè mìíràn ni wọ́n ti máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ìlú ńlá kan létí òkun, lẹ́yìn Gáná, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ìjọ wa dá owó, ẹ̀gbọ́n mi ta ilẹ̀ kan. Èmi ni mo máa bá àwọn méjèèjì lọ, nítorí èdè.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn àjò náà, àbúrò mi gbá yàrá àgbàdo mọ́ tónítóní. Ó fún ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ní ìró rẹ̀ méjì tó dára jù àti gèlè kan. Ó lọ pa koríko orí sàréè bàbá àti ìyá wa, ó pẹ́ níbẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi yọ ṣùtì sí i. “Ó ń fi ìró tọrẹ. Ó rò pé wọ́n máa rán aṣọ tuntun fún òun lọ́hùn-ún.” Èmi gan-an sọ fún un pé kó má ṣe bí ọmọdé, pé aṣọ wo ló máa wá fi bora tó bá dé. Ó wò mí.

A lo ọjọ́ méjì nínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n tún yẹ gbogbo wa wò níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, dókítà kan àti obìnrin kan tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ pè wá. Wọ́n ní kí n bi í bóyá ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe yé e, bóyá ẹnikẹ́ni fi ipá mú un, pé ó lè kọ̀ nísinsìnyí, pé kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Wọ́n sọ ọ́ pẹ́. Mo túmọ̀ rẹ̀ báyìí:

“Wọ́n ní ṣé o ṣì gbà?”

“Mo ti gbà. Ẹ bá mi bi wọ́n, ṣé ó máa dùn mí?”

Dókítà ṣàlàyé oògùn oorun, ó ṣàlàyé ìrora tó máa tẹ̀ lé e, bí wọ́n ṣe máa rán ojú abẹ, iye ọjọ́ tó máa fi dùbúlẹ̀, ohun tí kò gbọ́dọ̀ gbé fún oṣù bíi mélòó kan. Mo fẹ́ kí a tètè jáde kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n máa bi èmi náà ní nǹkan.

“Wọ́n ní o kàn máa sùn ni. O ò ní mọ nǹkan kan mọ́.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni ó wí. Ó tẹ̀ka sí ìwé wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ń tì í lọ lórí ibùsùn, ó di ọwọ́ mi mú. “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ẹ má gbé mi padà o. Ọ̀nà jìn, owó á pọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é síbí.”

Mo rò pé àwàdà ni. Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Ẹnu rẹ kò ní sinmi láéláé.” Wọ́n sì tì í wọlé.

Wọ́n ṣe é, Ọlọ́run sì wà níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ohun tí wọ́n yọ lára rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀gbọ́n mi, ìtọ̀ ń kán sínú ọ̀rá. Nọ́ọ̀sì gbé ọ̀rá náà sókè hàn mí bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ ilé ìwòsàn, mo kọrin.

Mo wá lọ sí ibùsùn àbúrò mi. Ó la ojú. Ó wo àjà, ó wo fèrèsé, ó wá rí mi. Ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni ó wí, ètè rẹ̀ gbẹ, “ẹ̀yin náà ti kú ni?”

“Ta ló kú?”

“Kí lẹ wá ń ṣe níbí? Níbo ni bàbá wà?”

Mo ní ilé ìwòsàn ni, pé kò sẹ́ni tó kú, pé wọ́n ti yọ ọ́, ó ti wà nínú ẹ̀gbọ́n. Ó ń wò mí bí ẹni tí wọ́n ń purọ́ fún.

“Wọ́n yọ iwe mi, mo sì ń mí?”

“Ọ̀kan ni wọ́n yọ. Ọ̀kan wà níbẹ̀.”

“Iwe mélòó lèèyàn ní?”

“Méjì ni.”

“Adìẹ wo ló ní iwe méjì?”

“Ìwọ kì í ṣe adìẹ.”

“Ẹ̀yin lẹ pè é ní iwe!” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ojú abẹ fà á, ó pariwo, ó tún rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. “Láti ọmọdé ni mo ti ń se adìẹ nínú ilé yẹn. Kan ṣoṣo ló máa ń wà nínú rẹ̀. Ti bàbá ni, nígbà tí bàbá sì kú, ti ẹ̀gbọ́n ni. Èmi ni mò ń bù ú fún wọn, mi ò tọ́ ọ wò rí. Nígbà tí ẹ sọ pé tèmi ni wọ́n fẹ́ mú fún wọn, mo ní bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn.”

Nígbà náà ni ìró, gèlè àti koríko orí sàréè yé mi. Ó ti mọ̀ pé òun ń lọ kú, ó sì wọ bọ́ọ̀sì fún ọjọ́ méjì láti lọ kú fún ẹni tó pè é ní igi gbígbẹ. Nígbà tó sì bi mí bóyá ó máa dun òun, èmi ni mo sọ fún un pé kò ní mọ nǹkan kan mọ́.

Ẹ̀rín rẹ̀ dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

“Ẹ̀yin náà ní méjì.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Tiyín kò wá bá a mu.”

Mo wo ilẹ̀. “Kò bá a mu,” ni mo wí.

Mo ń gbàdúrà lójoojúmọ́ ní gbogbo àkókò yẹn. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mi ò gbàdúrà.

Ó lé ní oṣù méjì kí wọ́n tó jẹ́ kí a padà. Nígbà tí a dé Idigny, àwọn ènìyàn jáde, wọ́n ń jó yí ẹ̀gbọ́n mi ká. Ojú rẹ̀ kò wú mọ́, ó ti padà di ara rẹ̀. Àbúrò mi gba ẹ̀yìn wọn kọjá lọ sí yàrá rẹ̀. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Wọ́n ti kórè nígbà tí a kò sí nílé, wọ́n sì ti to àpò àgbàdo kún yàrá náà dé àjà.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sáré wá. “Háà, ọkọ mi, ẹ má bínú o. A ò mọ̀ pé ẹ máa tètè dé.” Ó kúnlẹ̀ kí i. “Ẹ ṣeun tí ẹ bá wa tún baálé wa ṣe.”

Bá wa. Bí ẹni pé àlejò ló wá bá wọn ṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wà láàárín àwọn tó ń jó. Àbúrò mi jókòó sórí pèpéle, ó fi ọwọ́ ti ìbàdí níbi tí wọ́n ti là á. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ gbé ohun tó wúwo. Mo tú ìró mi, mo tún un ró le, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpò jáde. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Òógùn ń wọ̀ mí lójú. Níbi àpò kẹrin, mi ò lè gbé e mọ́, mo gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì jáde lẹ́nu mi.

“Tèmi bá a mu. Tèmi ló bá a mu jù. Àwa méjèèjì ni dókítà sọ pé ó lè ṣe é.”

Ariwo ijó wà níta. Kò wò mí.

“Mo ti mọ̀,” ni ó wí. “Láti ìgbà tí o ti wo ilẹ̀.”

Láti ìgbà tí ó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, ẹ̀yin ló ń pè mí. Nígbà tí inú bí i sí mi ní ọmọdé, ẹ̀yin ni. Lórí ibùsùn tó ti rò pé ọ̀run ni, ẹ̀yin ni. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ di ìwọ lẹ́nu àbúrò mi, mo sì wà bẹ́ẹ̀ títí dòní.

“Kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n?” ni mo béèrè. Mo ti ń sunkún.

“Sọ ọ́, má sọ ọ́, inú wọn ló wà, o kò lè yọ ọ́ mọ́.” Ó fi àgbọ̀n rẹ̀ júwe àpò tó kù nínú yàrá. “Gbé e. Ìwọ lo ṣì ní méjì.”

Mo gbé gbogbo rẹ̀ tán.

Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó sùn nínú yàrá náà. Ó lọ sí Odomèta, ó gba yàrá lọ́wọ́ opó kan nínú ìjọ ibẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gaàrí. Kò wá sí ọjọ́ ìdúpẹ́ tí a ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni wọ́n ní kí n jẹ́rìí, nítorí pé mo mọ̀ ọ́n sọ. Mo dìde, mo sọ oore Ọlọ́run, ìjọ sì hó yèè. Mi ò sọ èyí tó kù. Nígbà tí a délé, mo pe ẹ̀gbọ́n mi sí ẹ̀yìnkùlé, mo sọ ọ́ fún òun nìkan.

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ibi tí wọ́n ti là á.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni ó wí. “Tìrẹ ì bá ti máa purọ́ nínú mi.”

Láti ìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé iṣu lọ sí Odomèta. Mo ti bá a níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àbúrò mi kò ní kó jókòó. Ó gba iṣu, ó bi í níwájú àwọn tó ń ha ẹ̀gẹ́ pé, “Ṣé ẹ ń tọ̀ dáadáa?” Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tẹrí ba bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ó ní òun ń tọ̀. “Ẹ máa mu omi,” ni àbúrò mi wí, ó sì yíjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní kó padà wá sílé, pé òun máa kọ́ yàrá méjì fún un. Àbúrò mi ní òun ti bá àgbàdo gbé, òun kò tún lè bá ènìyàn gbé mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo gbé ohun tí mo kọ yìí lọ bá a. Ó ń yan gaàrí, èéfín wà lójú rẹ̀. Mo jókòó sórí òkúta, mo kà á fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí ní èdè wa, mi ò fo ọ̀rọ̀ kan. Kò dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Nígbà tí mo parí, ó bu gaàrí díẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti gbẹ.

“Irọ́ kankan kò sí níbẹ̀,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n o fo nǹkan kan.”

“Kí ni mo fò?”

“O kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé mi ò tíì dárí jì ọ́.”

Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, kí Ọlọ́run pa ohun méjì tó fi sí yín lẹ́yìn mọ́. Lọ́jọ́ tí ọmọ ìyá yín bá nílò ọ̀kan, kó fún yín ní àyà tó le ju tèmi lọ. Bí ẹ bá sì jẹ́ ẹni tí ẹlòmíràn fi ara rẹ̀ gbà là, kó jẹ́ kí ẹ rí ẹni náà bá jẹun nínú àwo kan náà kí ọjọ́ tó lọ. Àmín.